Ìgbafẹ́ Alẹ́ fún Tọkọtaya Àlejò ní Lọ́ńdọ̀nù láti Ọdún 1660

Kí ọdún 1660 tó dé, ìgbafẹ́ alẹ́ tí ọkọ àti ìyàwó tó wá ṣe àlejò sí Lọ́ńdọ̀nù lè jọ lọ kò tó nǹkan. Ọ̀sán ni wọ́n ń ṣeré láyé William Shakespeare. Gbọ̀ngàn Globe tí wọ́n kọ́ sí Southwark lọ́dún 1599 kò ní òrùlé láàárín. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ni àwọn òṣèré ń lò, nǹkan bí aago méjì ọ̀sán ni wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn gbọ̀ngàn abẹ́ òrùlé bíi Blackfriars ń tan àbẹ́là, ṣùgbọ́n olówó ni wọ́n wà fún. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, òkùnkùn ló gba ìgboro, olè a sì máa lúgọ sí kọ̀rọ̀. Lọ́dún 1642, ilé aṣòfin tó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn onígbàgbọ́ líle tí wọ́n ń pè ní Puritan ti gbogbo gbọ̀ngàn eré pa. Ìgbà tí Ọba Charles Kejì padà sórí ìtẹ́ lọ́dún 1660 ni wọ́n tó tún un ṣí, ẹgbẹ́ òṣèré méjì péré ni ọba sì fún láṣẹ. Ọdún yẹn náà ni obìnrin kọ́kọ́ fara hàn gẹ́gẹ́ bí òṣèré tó ń gbowó lórí ìtàgé ìlú náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ló ń wọ aṣọ obìnrin tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà wá, ohun tí tọkọtaya lè yàn lálẹ́ ti wà lọ́wọ́ ẹni tí onílé eré fẹ́ gbà wọlé, irú ojú tí àwùjọ máa fi wo obìnrin tó bá jókòó síbẹ̀, àti ọ̀nà tí wọ́n máa gbà padà síbi tí wọ́n dé sí.

Ọgbà ló kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ náà dé ìwọ̀n kan. Ní apá gúúsù odò Thames, ní Vauxhall, wọ́n ṣí ọgbà kan fún gbogbo èèyàn ní nǹkan bí ọdún 1661. Samuel Pepys, òṣìṣẹ́ ìjọba tí àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ di ìṣúra fún àwọn òpìtàn, mú ìyàwó rẹ̀ lọ síbẹ̀ lọ́dún 1662. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ kọjá odò nígbà náà, ìrìn náà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ara fàájì. Ṣùgbọ́n Jonathan Tyers, tó gba ọgbà náà lọ́dún 1729, ló sọ ọ́ di ibi tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo Yúróòpù. Ṣílè kan ni owó ìwọlé, iye tí kò yí padà títí di ọdún 1792. Ẹni tó bá san án lè rìn lábẹ́ igi, kó gbọ́ orin, kó sì rí ọmọ ọba tó ń kọjá, nítorí Frederick, àrẹ̀mọ ọba, a máa wá síbẹ̀. Àwọn yàrá kéékèèké tó ṣí sílẹ̀ níwájú wà fún àwọn tó bá fẹ́ jẹun alẹ́, àwòrán tí Francis Hayman àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ yà ló sì wà lára ògiri wọn. Oúnjẹ ibẹ̀ wọ́n, wọ́n sì máa ń gé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pẹlẹbẹ débi pé àwọn oníbàárà fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ jálẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Tí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ, àwọn òṣìṣẹ́ tó ti dúró sí ipò wọn a tan ẹgbẹẹgbẹ̀rún fìtílà lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ọgbà a sì mọ́lẹ̀ kedere. Lójú ẹni tó ti ìgbèríko wá, tí àbẹ́là kan ṣoṣo ń tan nílé rẹ̀, ohun ìyanu tí kò lẹ́gbẹ́ nìyẹn.

Tyers mọ̀ pé ọgbà tí ìyàwó ilé kò bá lè wá kò ní í pẹ́ kú. Ó gbé ère George Frideric Handel kalẹ̀ lọ́dún 1738, nígbà tí olórin náà ṣì wà láàyè, kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé orin gidi ni wọ́n wá gbọ́. Lọ́dún 1749, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìdánrawò orin tí Handel kọ fún ayẹyẹ iná aláràbarà ojú ọ̀run tí ọba fẹ́ ṣe, ìròyìn ìgbà náà sọ pé èèyàn 12,000 ló wá, tí kẹ̀kẹ́ ẹṣin sì há sórí afárá Lọ́ńdọ̀nù fún wákàtí mẹ́ta. Síbẹ̀, àwọn ọ̀nà kan wà nínú ọgbà náà tí fìtílà kò dé, ibẹ̀ sì lórúkọ burúkú. Ní àwọn ọdún 1760 àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n fi iná síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ibi tó tún níyì ju bẹ́ẹ̀ lọ a gba Ranelagh ní Chelsea lọ, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1742. Ṣílè méjì ààbọ̀ ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, tíì àti kọfí wà nínú rẹ̀, gbọ̀ngàn roboto ńlá tó ní òrùlé sì ń gba àwọn èèyàn lọ́wọ́ òjò. Wolfgang Amadeus Mozart, ọmọ ọdún mẹ́jọ, lu dùùrù níbẹ̀ lọ́dún 1764. Òjò yìí ṣe pàtàkì nínú ìtàn Lọ́ńdọ̀nù: òun ló ń ba ọjà ọgbà gbogbo jẹ́. Ranelagh kógbá wọlé lọ́dún 1803, Vauxhall tẹ̀ lé e lọ́dún 1859.

Inú gbọ̀ngàn eré ní tirẹ̀ kò fara rọ. Òfin ọdún 1737 fi eré tó ní ọ̀rọ̀ sísọ sọ́wọ́ gbọ̀ngàn méjì, Drury Lane àti Covent Garden, ó sì ní kí òṣìṣẹ́ ààfin kan máa yẹ gbogbo ìwé eré wò kí wọ́n tó ṣe é. Nítorí náà, àlejò tó bá fẹ́ wo eré gidi nígbà òtútù kò ní ju ibi méjì lọ. Àǹfààní kan wà fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó: ẹni tó bá dé lẹ́yìn apá kẹta eré yóò san ìdajì owó. Nígbà tí wọ́n gbìyànjú láti fòpin sí àṣà yìí lọ́dún 1763, àwọn òǹwòran fọ́ àga àti fìtílà, David Garrick tó ń darí Drury Lane sì gbà fún wọn. Rògbòdìyàn ọdún 1809 tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Covent Garden ti jóná lọ́dún tó ṣáájú. Nígbà tí wọ́n tún un kọ́, wọ́n fi owó kún tíkẹ́ẹ̀tì. Ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn tó jẹ́ ṣílè mẹ́ta àti sísì di ṣílè mẹ́rin, yàrá àwọn olówó di ṣílè méje dípò mẹ́fà. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni àwọn èèyàn fi ń lu agogo, tí wọ́n ń fọn fèrè, tí wọ́n sì ń jó láàárín eré ní alaalẹ́, títí John Philip Kemble tó ń darí gbọ̀ngàn náà fi tọrọ àforíjì, tó sì dá owó ìsàlẹ̀ padà sí iye àtijọ́. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé tó ń jókòó sísàlẹ̀ gbà pé ẹ̀tọ́ wọn ni eré alẹ́ jẹ́, wọn kò sì kà á sí ojú rere olówó.

Gáàsì dé sójú pópó Pall Mall lọ́dún 1807. Lọ́dún 1817 ni gbọ̀ngàn Lyceum àti Drury Lane fi tan ìtàgé wọn. Òru wá di àkókò tí èèyàn lè rìn. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin mú irú àlejò tí kò sí tẹ́lẹ̀ wá: tọkọtaya òṣìṣẹ́ tàbí olùkọ́ láti Leeds tàbí Leicester, tó wá fún ọjọ́ mẹ́ta péré, tó sì fẹ́ fojú rí ohun gbogbo. Nígbà Àfihàn Ńlá ọdún 1851 ní Hyde Park, ìwọlé tí wọ́n kà lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Thomas Cook nìkan kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún èèyàn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wá sí i. Lọ́dún 1863 ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti Paddington dé Farringdon, ẹni tó dé sí ẹ̀yìn ìlú sì lè wo eré kó tún padà sùn. Àwọn tó ń ta ìwé ní Bond Street ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ìjókòó dáadáa sílẹ̀ ṣáájú, tí wọ́n sì ń tà á fún àlejò ní èlé.

Òfin ọdún 1843 fòpin sí ẹ̀tọ́ tí Drury Lane àti Covent Garden nìkan ní lórí eré, ilé eré sì ń pọ̀ sí i. Charles Morton ṣí Canterbury Hall ní Lambeth lọ́dún 1852, níbi tí èèyàn ti lè mu bíà, kó jẹun, kó sì gbọ́ orin. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ó gba obìnrin láyè, ó sì fẹ́ kí ọkọ mú ìyàwó rẹ̀ wá. Kì í ṣe gbogbo ibi ló rí bẹ́ẹ̀. Ní Empire, Leicester Square, àwọn obìnrin aṣẹ́wó ń rìn káàkiri lẹ́yìn àwọn ìjókòó, ibẹ̀ sì di ọ̀rọ̀ ìgboro lọ́dún 1894 nígbà tí Laura Ormiston Chant tako ìwé àṣẹ ilé náà. Ìgbìmọ̀ ìlú ní kí wọ́n fi nǹkan dí ibẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ya ohun tí wọ́n fi dí i lulẹ̀, Winston Churchill tó ṣì jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ológun sì wà lára wọn. Oswald Stoll gba ọ̀nà mìíràn: ó kọ́ Coliseum lọ́dún 1904 sítòsí ibùdókọ̀ Charing Cross, ó sì rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ rírùn nínú eré rẹ̀. Ilé tí ọkọ lè mú ìyàwó àti ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ láìdijú ni, ó sì jèrè rẹ̀.

Ẹni tí ó yẹ kí ìtàn yìí yìn jù ni Richard D'Oyly Carte. Gbọ̀ngàn Savoy tó ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 1881 ni ilé ìgbafẹ́ gbogbogbòò àkọ́kọ́ láyé tí iná mànàmáná tàn jákèjádò. Gáàsì ń mú ooru wá, ó ń jẹ afẹ́fẹ́, ó sì ń jó ilé. Gílóòbù iná mànàmáná kò ṣe wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ó fi nọ́ńbà sí ìjókòó, ó fún òǹwòran ní ìwé ètò lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì kọ́ àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú láti tò sórí ìlà dípò kí wọ́n máa ti ara wọn lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́dún 1889 ó ṣí hòtẹ́ẹ̀lì Savoy sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn náà, ó gbé César Ritz wá láti darí rẹ̀, àṣà kí obìnrin ọlọ́lá máa jẹun alẹ́ ní gbangba lẹ́yìn eré sì tibẹ̀ gbilẹ̀. Orin ńlá náà rọlẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù: lọ́dún 1895 Robert Newman àti Henry Wood bẹ̀rẹ̀ ètò orin tí wọ́n ń pè ní Proms ní Queen's Hall, ṣílè kan fún ẹni tó bá lè dúró. Sinimá tẹ̀ lé e ní oṣù kejì ọdún 1896, ní Regent Street.

Gbogbo ayé kọ́ ni ilẹ̀kùn wọ̀nyí ṣí sílẹ̀ fún. Lọ́dún 1943 Learie Constantine, agbábọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì ọmọ Trinidad, wá sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Lord's. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Russell Square, tó ti gba owó yàrá lọ́wọ́ wọn, kò jẹ́ kí wọ́n dúró nítorí àwọ̀ wọn. Constantine pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì jàre lọ́dún 1944. Pọ́n-ùn márùn-ún àti ṣílè márùn-ún ni ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san fún un. Owó náà kéré, ìdájọ́ náà tóbi. Ohun tí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ń rí nínú hòtẹ́ẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya aláwọ̀ dúdú ń rí lẹ́nu ọ̀nà ilé ijó, títí òfin ọdún 1965 fi ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ léèwọ̀ ní ilé oúnjẹ, ilé eré àti ilé ijó.

Àwọn Yorùbá kò dúró de òfin. Ládiípọ̀ Ṣólàńkẹ́ wà lára àwọn tó dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ lọ́dún 1925, ilé tí ẹgbẹ́ náà ṣí ní Camden lọ́dún 1933 sì di ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè rí yàrá, oúnjẹ ilé àti ẹlẹgbẹ́. Ọ̀pẹ́olú ìyàwó rẹ̀ ló ń tọ́jú ilé náà. Ambrose Campbell, ọmọ Èkó tó bá iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi dé, kó ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde sí Piccadilly lọ́jọ́ tí ogun parí ní Yúróòpù lọ́dún 1945, wọ́n sì lu ìlù láàárín èrò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ni wọ́n lùlù fún ẹgbẹ́ oníjó Les Ballets Nègres. Ní àwọn ọdún 1950 wọ́n ń ṣeré ní kílọ́ọ̀bù Abalabi ní Soho, tí ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀, níbi tí dúdú àti funfun ti ń jọ jó. Ibẹ̀ ni ẹni tó bá mú aya rẹ̀ ti Èkó tàbí Ìbàdàn wá lè rí orin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀.

Lẹ́yìn ogun, eré ìtàgé padà pẹ̀lú agbára. The Mousetrap tí Agatha Christie kọ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1952, kò sì dáwọ́ dúró títí àrùn Kòrónà fi tì í ní oṣù kẹta ọdún 2020; ó tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2021. Àyẹ̀wò ìwé eré láti ààfin dópin lọ́dún 1968. Eré olórin ńlá ló gba ọkàn àlejò lẹ́yìn náà: Les Misérables lọ́dún 1985, The Phantom of the Opera lọ́dún 1986, The Lion King lọ́dún 1999. Àwọn tí kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa náà lè fojú àti etí tẹ̀ lé wọn, ìdí pàtàkì nìyẹn tí wọ́n fi ń pẹ́ lórí ìtàgé. Lọ́dún 1980 àwọn onílé eré ṣí àtíbàbà kan ní Leicester Square láti máa ta ìjókòó tó bá ṣẹ́ kù fún alẹ́ ọjọ́ náà ní ìdajì owó. Ohun tí àwọn òǹwòran ọdún 1763 jà fún ló padà wá ní ọ̀nà mìíràn.

Wọlé Ṣóyínká ti ṣiṣẹ́ ní gbọ̀ngàn Royal Court ní òpin àwọn ọdún 1950, wọ́n sì ṣe eré rẹ̀ kan níbẹ̀ lọ́dún 1959. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, lọ́dún 2009, Rufus Norris gbé Death and the King's Horseman, eré Ṣóyínká tó dá lórí ìtàn Ọ̀yọ́, sórí ìtàgé tó tóbi jù ní National Theatre. Lọ́dún 2010 ìtàgé kan náà gba eré lórí Fẹlá, ẹni tó kọ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1958. Bọ́lá Agbájé, tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, kọ Gone Too Far! fún Royal Court lọ́dún 2007, eré náà sì gba àmì ẹ̀yẹ Olivier lọ́dún 2008.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà padà sílé ló pẹ́ jù kó tó yanjú. Ó ju àádọ́jọ ọdún lọ tí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ fi ń tì nígbà tí òru bá jìn, tí àlejò sì ní láti sáré jáde kí ọkọ̀ ìkẹyìn tó lọ, tàbí kó wọ bọ́ọ̀sì òru, tàbí kó san owó takisí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016 ni ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ mọ́jú ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àbámẹ́ta lórí àwọn ọ̀nà kan. Wọ́n dá a dúró lọ́dún 2020 nígbà àrùn Kòrónà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà díẹ̀díẹ̀ láti oṣù kọkànlá ọdún 2021.