Ẹ̀rọ afọṣọ-máṣọgbẹ

Ẹ̀rọ afọṣọ-máṣọgbẹ ni ẹ̀rọ ilé tí ń fọ aṣọ tí ó sì ń mú un gbẹ nínú àgbá kan náà, láìjẹ́ pé ènìyàn kó aṣọ jáde kí iṣẹ́ méjèèjì tó parí. Washer-dryer ni orúkọ tí wọ́n fi ń tà á ní àwọn ilé ìtajà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó yàtọ̀ sí ẹ̀rọ ìfọṣọ lásán, tí iṣẹ́ rẹ̀ parí nígbà tí ó bá ti fún omi kúrò lára aṣọ, ó sì yàtọ̀ sí ẹ̀rọ ìmáṣọgbẹ, tí kò lè fọ aṣọ rárá. Ilé tí kò ní àyè fún ẹ̀rọ méjì ni wọ́n sábà máa ń lò ó sí, pàápàá ní Yúróòpù, Japan àti Kòríà Gúúsù. Ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, ó wọ́pọ̀ nínú àwọn fúláàtì kéékèèké tí kò ní àgbàlá tí a lè sá aṣọ sí.

Nínú gbogbo nọ́ńbà tí a ń kọ sára ẹ̀rọ yìí, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí ó fẹ́ rà á ni ìwọ̀n aṣọ tí ó lè mú gbẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kì í ṣe ìwọ̀n tí ó lè fọ̀. Ìwọ̀n kejì yìí ni a sì sábà máa ń kọ gàdàgbà sí iwájú ẹ̀rọ.

Ìtàn

Ilé-iṣẹ́ Bendix ti Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ aládàáṣiṣẹ́ fún ilé jáde ní ọdún 1937. Ní àwọn ọdún 1950, Bendix mú ẹ̀rọ mìíràn tí ó ń jẹ́ Duomatic wá sí ọjà, èyí tí ó ń fọ aṣọ tí ó sì ń mú un gbẹ nínú àgbá kan. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà ni ó ní àyè ìfọṣọ tirẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ méjì tí ó dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó gbilẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ ní Bìrìtéènì. Ilé ìdáná ni ẹ̀rọ ìfọṣọ sábà máa ń wà níbẹ̀, nítorí pé ìlànà ààbò iná mànàmáná kò fi àyè gba sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá nítòsí ọpọ́n ìwẹ̀. Àyè tí a máa ń fi sílẹ̀ fún un lábẹ́ tábìlì ilé ìdáná kì í ju nǹkan bí 60 cm ní fífẹ̀ lọ, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ó sì lè gbà. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tí ń ṣe iṣẹ́ méjì fi rí ọjà níbẹ̀.

Ní ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ GE Appliances gbé ẹ̀rọ afọṣọ-máṣọgbẹ ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà, èyí tí ń lo pọ́ǹpù ooru tí ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì 120 fóltì lásán. LG àti Samsung náà gbé irú tiwọn jáde lẹ́yìn náà.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni fífọ̀: omi àti ọṣẹ yóò wọ inú àgbá, àgbá yóò sì máa yí aṣọ ká. Èkejì ni fífún: àgbá yóò yí kíákíá, bí àpẹẹrẹ ìgbà 1,400 ní ìṣẹ́jú kan, kí omi lè fò jáde kúrò lára aṣọ. Ẹ̀kẹta ni mímú gbẹ: afẹ́fẹ́ gbígbóná yóò máa gba àárín aṣọ kọjá bí àgbá ti ń yí díẹ̀díẹ̀, yóò sì máa gbé omi tí ó kù lọ gẹ́gẹ́ bí oru.

Ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà mú oru yìí kúrò ni ó ya oríṣi kan sí èkejì.

Oríṣi tí ń fi omi tútù sọ oru di omi. Irin tí iná mànàmáná ń mú gbóná ni ó ń mú afẹ́fẹ́ gbóná. Afẹ́fẹ́ tí ó ti gbé ọ̀rinrin yóò kọjá níbi tí omi tútù láti inú páìpù ilé ti ń ṣàn, oru yóò sì di omi padà, tí yóò bá páìpù ìdọ̀tí lọ. Ẹ̀rọ yìí kì í wọ́nwó púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń lo iná, ó sì ń lo omi nígbà tí ó bá ń mú aṣọ gbẹ bí ó ti ń lò ó nígbà tí ó ń fọ̀.

Oríṣi tí ń fi afẹ́fẹ́ tútù sọ oru di omi. Òun náà ń lo irin gbígbóná, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú ilé ni ó fi ń mú oru tutù. Kì í ná omi fún iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ó máa ń mú yàrá tí ó wà gbóná díẹ̀.

Oríṣi tí ń lo pọ́ǹpù ooru. Ìlànà tí fíríìjì ń tẹ̀lé ni èyí ń tẹ̀lé. Ẹ̀gbẹ́ kan tí ó tutù ń sọ oru di omi, ó sì ń gba ooru inú rẹ̀; ẹ̀gbẹ́ kejì tí ó gbóná ń dá ooru yẹn padà sínú afẹ́fẹ́ tí ń lọ sí àgbá. Nítorí pé ooru kan náà ni a ń lò ní àlòtúnlò, iná tí ó ń jẹ kéré gan-an sí ti àwọn méjì ìṣáájú. Kì í mú aṣọ gbóná púpọ̀, èyí sì dára fún aṣọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga.

Ìdí tí mímú gbẹ fi ṣòro ju fífọ̀ lọ

Nígbà tí a bá ń fọ aṣọ, aṣọ lè ká jọ sórí ara wọn nínú omi, wọn yóò sì mọ́ síbẹ̀. Nígbà tí a bá ń mú wọn gbẹ, àyè gbọ́dọ̀ wà kí wọ́n lè máa fò sókè kí wọ́n sì máa já bọ́, kí afẹ́fẹ́ lè dé ara gbogbo wọn. Nítorí náà, àgbá tí ó lè fọ 9 kg aṣọ lè má lè mú ju 6 kg gbẹ lẹ́ẹ̀kan. Bí aṣọ náà bá jẹ́ irú èyí tí a fi ọ̀rá ṣe, bíi pólíẹ́sítà, ìwọ̀n tí a gbà láyè tún máa ń kéré sí i. Ẹni tí ó bá kó 9 kg sí i, tí ó sì ní kí ó fọ̀ ọ́ kí ó sì mú un gbẹ láìdúró, yóò bá aṣọ rírún tí ó ṣì rin nínú rẹ̀ ní òpin iṣẹ́. Ohun tí ó tọ́ ni kí ó kọ́kọ́ kó ìdá kan nínú mẹ́ta jáde.

Ìdí kejì ni iná. Láti sọ omi kìlógíráàmù kan di oru, ó gba agbára tí ó tó nǹkan bí 0.65 kWh. Bí aṣọ òwú 5 kg bá ti inú fífún jáde tí omi ara rẹ̀ jẹ́ ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ní gbígbẹ, omi tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ 2.5 kg. Ẹ̀rọ tí ń lo irin gbígbóná yóò ná ju 1.6 kWh lọ lórí omi yìí nìkan, láì tíì ka ooru tí ó ṣòfò. Bí fífún kò bá dára, tí omi tí ó kù jẹ́ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, omi náà di 3 kg, agbára tí yóò gbà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2 kWh. Èyí ni ó fà á tí fífún dáadáa fi ń dín owó iná kù: ó rọrùn púpọ̀ láti fi yíyí lé omi jáde ju láti fi ooru lé e jáde lọ.

Ìdí kẹta ni àkókò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ fífọ̀ títí dé òpin gbígbẹ lè gba wákàtí márùn-ún, mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo àkókò yìí, kò sí aṣọ mìíràn tí a lè fọ̀.

Àlẹ̀mọ́ agbára iná

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2021, àlẹ̀mọ́ tuntun ni ó wà lára àwọn ẹ̀rọ yìí ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti ní Bìrìtéènì. Ìpele rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti A, tí ó dára jù, títí dé G. Lára ẹ̀rọ afọṣọ-máṣọgbẹ, apá méjì ni àlẹ̀mọ́ náà ní: apá kan sọ nípa fífọ̀ pẹ̀lú mímú gbẹ, apá kejì sì sọ nípa fífọ̀ nìkan. Ẹ̀rọ kan lè gba ìpele gíga fún fífọ̀, kí ó sì gba ìpele tí ó rẹlẹ̀ fún iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Apá kọ̀ọ̀kan ń sọ iye kWh tí ẹ̀rọ ń lò fún ìgbà 100, ìwọ̀n aṣọ ní kìlógíráàmù, iye omi fún ìgbà kan àti bí iṣẹ́ náà ṣe pẹ́ tó. Ìpele fífún àti ariwo fífún tún wà nísàlẹ̀. Ìpele A nínú fífún túmọ̀ sí pé omi tí ó kù lára aṣọ kò tó ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n aṣọ náà.

Yíyàn

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí olùrà mọ̀ ni iye ìgbà tí yóò máa fi ẹ̀rọ mú aṣọ gbẹ ní ọ̀sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀rọ onírin gbígbóná kan tí ó ń lo 350 kWh fún ìgbà 100, ìyẹn 3.5 kWh fún ìgbà kan. Bí kWh kan bá jẹ́ pẹ́nsì 25, ìgbà kan yóò ná pẹ́nsì 87.5. Ìdílé tí ó bá lò ó nígbà mẹ́rin lọ́sẹ̀ yóò san nǹkan bí £182 lọ́dún. Bí ẹ̀rọ onípọ́ǹpù ooru bá ń lo ìdajì iná yẹn, wọn yóò rí £91 tọ́jú lọ́dún, àti £455 ní ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń dá gbé, tí ó ń lò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kò ní rí ju nǹkan bí £23 tọ́jú lọ́dún. Nítorí náà, owó gegele tí a fi kún iye ẹ̀rọ onípọ́ǹpù ooru lè padà sọ́wọ́ ìdílé ńlá, kí ó má padà sọ́wọ́ ẹni tí ó dá wà.

Ohun kejì ni ìwọ̀n ìdílé. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè tó fún ẹni kan tàbí tọkọtaya. Fún ìdílé tí ó ní ọmọ mẹ́ta, tí ń fọ aṣọ lójoojúmọ́, ẹ̀rọ méjì tí a tò léra yóò dára jù bí àyè bá wà, nítorí ọ̀kan lè máa fọ̀ nígbà tí èkejì ń mú gbẹ. Bí ẹ̀rọ kan bá sì bàjẹ́, èkejì yóò ṣì máa ṣiṣẹ́. Nínú ẹ̀rọ afọṣọ-máṣọgbẹ, bí àgbá tàbí mọ́tò bá kọṣẹ́, iṣẹ́ méjèèjì ni yóò dúró.

Ohun kẹta ni ìlera inú ilé. Aṣọ rinrin tí a sá sínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì nígbà òtútù máa ń dá omi tí ó wà lára rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́. Omi yìí ń lẹ̀ mọ́ ògiri tútù, olú dúdú wẹ́wẹ́ sì lè hù níbẹ̀, èyí tí ó léwu fún ọmọdé àti fún ẹni tí ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Fún irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tí ń darí omi sí páìpù ju ohun ìrọ̀rùn lásán lọ. Ẹni tí kò bá lágbára láti ra á lè sá aṣọ sínú yàrá kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, kí ó sì tan ẹ̀rọ tí ń fa ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́ síbẹ̀.

Ìtọ́jú àti ààbò

Èérún òwú máa ń já kúrò lára aṣọ nígbà tí ó bá ń gbẹ. Ó ń lẹ̀ mọ́ róbà ẹnu ọ̀nà, ó sì ń kó jọ sínú asẹ́ àti ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Ó yẹ kí a máa nu róbà náà lẹ́yìn lílò kọ̀ọ̀kan, kí a sì máa fọ asẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé ìlò ẹ̀rọ bá ti wí, nítorí èérún tí ó kó jọ ń mú kí gbígbẹ pẹ́, ó sì lè gbiná. Aṣọ tí epo ìsebẹ̀ tàbí epo bẹntiróòlù bá wà lára rẹ̀ kò yẹ fún mímú gbẹ nínú ẹ̀rọ.

Aṣọ òkè kò yẹ fún irú ẹ̀rọ yìí, nítorí yíyí àti ooru lè ba bí a ti hun ún jẹ́. Adìrẹ tí a fi ẹ̀lú pa láró lè tú àwọ̀ sára aṣọ mìíràn. Ọ̀tọ̀ ni a ń fọ̀ ọ́, abẹ́ ibòòji ni a sì ń sá a sí.

Lílò rẹ̀ ní Nàìjíríà

Iná 230 fóltì, 50 Hz ni Nàìjíríà ń lò, bíi ti Bìrìtéènì, nítorí náà ẹ̀rọ tí a kó láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó bá iná ibẹ̀ mu. Èyí tí a ṣe fún iná 120 fóltì, 60 Hz ti Amẹ́ríkà kò bá a mu. Ìṣòro tí ó kù ni iná tí ń lọ tí ń bọ̀. Bí iná bá lọ láàárín gbígbẹ, aṣọ yóò wà nínú àgbá ní rinrin, irin gbígbóná tí ó sábà máa ń tó kìlówáàtì kan sí méjì sì jẹ́ ẹrù wúwo fún jẹnẹrétọ̀ kékeré. Oríṣi tí ń lo omi tútù tún nílò omi tí ń ṣàn pẹ̀lú agbára, èyí tí táǹkì orí òrùlé lè má fún un. Níbi tí oòrùn àti okùn ìsáṣọ bá wà, ẹ̀rọ ìfọṣọ lásán tí ń fún aṣọ dáadáa sábà máa ń tó fún ọ̀pọ̀ ìdílé.