Fọ́nrán Tín-tìn-tín: Láti Orí Òfì Dé Inú Ìfun

Kí òwú òyìnbó tó dé, oko àti igbó ni àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn ti ń rí ohun tí wọ́n ń hun. Òwú tí àwọn ìyá wa ran, tí wọ́n rẹ sínú aró, ni ẹtù. Ilé tí kòkòrò inú igbó ta sára igi ni wọ́n ń tú ṣe sányán. Bí ewúrẹ́ bá he àjákù òwú oko jẹ, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ṣàkì rẹ̀ tó ń da koríko ló ń da òwú náà.

Òwú ike, tí kì í jẹrà bọ̀rọ̀, wá láti òkè òkun. Ní 1935, Wallace Carothers ṣe nylon ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà. Ní 1941, John Whinfield àti James Dickson ṣe polyester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó yá, irú òwú bẹ́ẹ̀ gun orí òfì wa. Ó fúyẹ́, àwọ̀ rẹ̀ pọ̀, kò sí pé à ń gbọ̀n ọ́n tàbí à ń ran án. Nígbà tí ṣáínì-ṣáínì, òwú tó ń dán, wá dé, ta ni kò fẹ́ kí aṣọ òun máa kọ mànà lóde ìnáwó? N kò dá ahunṣọ lẹ́bi: ohun tí ọjà ń béèrè ni wọ́n ń hun.

Inú ẹ̀dọ̀fóró ni àwọn dókítà ti kọ́kọ́ rí aburú òwú ike yìí. Ní 1975, Pimentel àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pọ́túgà kọ nípa àrùn èémí tó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ìdí òwú àtọwọ́dá jà. Ní 1998, irú rẹ̀ tún jáde láàrin àwọn tó ń gé nylon wẹ́wẹ́ ní Rhode Island, Amẹ́ríkà. Eruku tí a fà símú kì í dúró síbẹ̀ tán: kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á gbé apá kan rẹ̀ gòkè wá sọ́fun, a ó sì gbé e mì.

Ti ìfun pẹ́ kí aráyé tó fiyè sí i. Ní 2004 ni onímọ̀ sáyẹ́nsì Richard Thompson ní Plymouth, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé ẹ̀rún àti fọ́nrán ike tín-tìn-tín ti wọ yanrìn etí òkun. Ní 2011, Mark Browne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ẹyọ aṣọ kan lè yọ fọ́nrán tó lé ní 1,900 nígbà tí a bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ní 2018, àwọn oníṣègùn ní Vienna yẹ ìgbẹ́ ènìyàn 8 láti orílẹ̀-èdè 8 wò, wọ́n bá ike nínú ti gbogbo wọn. PET, tí í ṣe polyester ara aṣọ wa, wà lára èyí tó wọ́pọ̀ jù.

Kí ni ó ń ṣe fún ẹni tó gbé e mì? Ti ẹran ọ̀sìn ló hàn kedere jù. Okùn ọ̀rá, àpò àti àkísà tí ewúrẹ́ àti màlúù ń jẹ lórí ààtàn máa ń lọ́ mọ́ra wọn nínú ṣàkì; wọn kì í dà, wọn kì í jáde. Ikùn ẹran á wú, kò ní lè jẹun mọ́, á máa rù títí yóò fi kú. Alápatà tó bá là á ló máa ń rí ìdì náà. Ní ti fọ́nrán tín-tìn-tín, ìfun àwọn eku tí wọ́n fún ní ẹ̀rún ike jẹ nínú àyẹ̀wò máa ń wú, àwọn kòkòrò rere inú rẹ̀ a sì yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rún róbótó ni ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò náà lò, ìwọ̀n rẹ̀ sì sábà ju ohun tí ènìyàn ń gbé mì lọ. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ ní 2019 pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tíì fi hàn pé ti inú omi mímu ń pa ènìyàn lára, tí wọ́n sì ní kí ìwádìí tẹ̀síwájú. Lójú tèmi, ìyẹn kò ní ká káwọ́ gbera.

Odò Ògùn, tí orísun rẹ̀ wà ní apá Ṣakí, ni Abẹ́òkúta àti Èkó ń mu. Ohun tí a bá fọ̀ dà sí i lókè níhìn-ín ní agbègbè Ìṣẹ́yìn lè bá wọn nísàlẹ̀. Ẹ̀yin ahunṣọ, ẹ máa bo imú, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀, ẹ má sì da àjákù òwú síta fún ewúrẹ́. Ẹ̀yin tó ń dá aṣọ ẹbí, ẹ tún máa béèrè ẹtù àti sányán gidi.