Kọ̀ǹpútà ojú fífẹ̀: bí lẹ́tà ṣe lè tóbi láì ṣú

Tẹ́ ẹ bá wọ ọ̀pọ̀ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà láti Ìjẹ̀gùn títí dé Ìkọ̀tún, mọ́nítọ̀ ojú fífẹ̀ lẹ máa bá níbẹ̀ báyìí. Àwọn mọ́nítọ̀ àtijọ́ tí ẹ̀yìn wọn yọ gọngọ bíi ti tẹlifíṣọ̀n ayé ọjọ́un ti ń kásẹ̀ ńlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú àwọn tuntun yìí dáadáa. Lójú òmíràn, ẹni tó tínrín á sanra nínú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Àmì tó yẹ kó rí róbótó á fẹ̀ bí ẹyin tó dùbúlẹ̀. Lẹ́tà á sì ṣú, bí ìgbà téèyàn ń wòran látinú gíláàsì tí ooru bò.

"Mọ́nítọ̀ ti lọ nìyẹn" lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ. Wọ́n á gbé e lọ bá ẹnjiníà, àbí kí wọ́n wọkọ̀ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà láti ra òmíràn. Bẹ́ẹ̀, orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n ṣètò síbi tí kò yẹ kó wà, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì tó láti dá a padà láì ná kọ́bọ̀.

Èkejì tún wà: àwọn àgbà wa tí lẹ́tà kéré lójú wọn. Ọmọ tó wà nítòsí á ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n bá yín mú un tóbi." Á wá já resolution wálẹ̀. Lẹ́tà á tóbi lóòótọ́, àmọ́ á ṣú, ojú bàbá á sì tún máa ro wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tá a fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání nínú àpilẹ̀kọ yìí ò ju ẹyọ kan lọ: ẹ jẹ́ kí resolution wà ní iye tí wọ́n ṣe mọ́nítọ̀ yín fún. Tí lẹ́tà bá kéré, ibòmíì la ti ń mú un tóbi. "Scale" lorúkọ ibẹ̀.

Kí ni resolution gan-an?

Ojú mọ́nítọ̀ kún fún àwọn àmì ìmọ́lẹ̀ tíntìntín tí wọ́n ń pè ní píkísẹ́lì. Iye wọn ni resolution ń sọ: ti ìbú ló máa ń ṣáájú, ti òòró á tẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá rí 1920 x 1080, ó túmọ̀ sí pé àmì 1,920 ló tò láti òsì dé ọ̀tún, 1,080 sì tò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe ìṣirò gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó lé ní mílíọ̀nù méjì.

Ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́nítọ̀ ló ti to àwọn àmì yìí sójú rẹ̀. Bí ihò ajere ni wọ́n rí: ẹ ò lè fi kún un, ẹ ò sì lè yọ níbẹ̀. Tí kọ̀ǹpútà bá wá fi àwòrán tó jẹ́ 1024 x 768 ránṣẹ́ sójú tó ní 1920 x 1080, mọ́nítọ̀ á fi tipátipá fa àwòrán náà kó lè kún ojú rẹ̀. Àmì kan ní láti gba àyè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti méjì, tí kò sì pé méjì. Ìdí nìyẹn tí etí lẹ́tà fi ń ṣú.

Mọ́nítọ̀ àtijọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà yìí. Ìtànṣán ni wọ́n fi ń ya àwòrán sójú gíláàsì, wọ́n sì lè gba oríṣiríṣi resolution láì ṣú púpọ̀. Nígbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ lẹ́tà ńlá á kàn gbé e sí 800 x 600, ó parí. Àṣà ìgbà yẹn lọ̀pọ̀ wa gbé wọnú ayé òde òní, ohun tó sì ń mú kí lẹ́tà ṣú lójú wa nìyẹn.

Kí ló ń mú kí fọ́tò sanra?

Lára mọ́nítọ̀ àtijọ́, tí ìbú bá jẹ́ mẹ́rin, òòró á jẹ́ mẹ́ta. Òun ni wọ́n ń kọ báyìí: 4:3. Ti ojú fífẹ̀ ìsinsìnyí, 16:9 ló pọ̀ jù, 16:10 náà sì wà. Tẹ́ ẹ bá gbé 1024 x 768, tó jẹ́ 4:3, sójú 16:9, tí mọ́nítọ̀ sì fà á kún, gbogbo nǹkan á fi ìdá kan nínú mẹ́ta fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tó yẹ kó fẹ̀ ní ínṣì mẹ́ta á di ínṣì mẹ́rin.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán fún ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun. Tí oníṣẹ́ bá rí i pé fọ́tò oníbàárà sanra lójú mọ́nítọ̀, tó wá fún un pọ̀ kó lè dára lójú ara rẹ̀, fọ́tò tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa jáde lórí ìwé. Oníbàárà á ní òun kọ́ nìyí. Bébà àti yíǹkì ti ṣòfò nìyẹn.

Ó tún kan ẹni tó ń ka Yorùbá

Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lè ṣú díẹ̀ kéèyàn ṣì kà á. Ti Yorùbá yàtọ̀, torí àmì orí àti ti abẹ́. Ọkọ ìyàwó, ọkọ̀ tá a ń wọ̀ lọ sí Ìkọ̀tún, àti ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń kọbè, àmì kékeré ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Nídìí iṣẹ́ ìròyìn tiwa, ẹ wo gbólóhùn bí èyí: "Ọlọ́pàá rí ọta ìbọn ní Ọ̀tà." Tí ojú mọ́nítọ̀ bá ṣú, tí àmì wọ̀nyẹn sì pòórá, ẹni tó ń ka ìròyìn lórí afẹ́fẹ́ lè ṣi ìlú pè. Píkísẹ́lì kan tàbí méjì péré ni àmì abẹ́ lẹ́tà máa ń gbà nígbà míì. Òun ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sọnù.

Iye tó wọ́pọ̀ lójú fífẹ̀

- 1366 x 768: ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àti mọ́nítọ̀ ínṣì 18.5
- 1440 x 900: ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ínṣì 19 tó jẹ́ 16:10
- 1600 x 900: ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ínṣì 20
- 1680 x 1050: ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ínṣì 22 tó jẹ́ 16:10
- 1920 x 1080: ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ láti ínṣì 21.5 dé 24, àti àwọn ínṣì 27 kan

Ẹ má fi ínṣì nìkan ṣèdájọ́ o. Mọ́nítọ̀ méjì lè tóbi dọ́gba, kí resolution wọn má dọ́gba. Orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn mọ́nítọ̀ lẹ máa fi wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó lè dá yín lójú.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é lórí Windows 10 àti 11

1. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ ibi tó ṣófo lójú kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ wá yan "Display settings".

2. Ẹ lọ sísàlẹ̀ títí tẹ́ ẹ máa fi rí "Display resolution". Ẹ yan èyí tí wọ́n kọ "Recommended" sí lára.

3. Kọ̀ǹpútà á béèrè bóyá kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá dáa lójú yín, ẹ tẹ "Keep changes". Tí ojú bá ṣókùnkùn, ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 15, á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀.

4. Tí lẹ́tà bá ti wá kéré jù, ẹ lọ síbi "Scale" lójú ewé kan náà. Ẹ kúrò lórí 100%, ẹ gbìyànjú 125%, tàbí 150%. Gbogbo nǹkan á tóbi, etí lẹ́tà á sì mú ṣáṣá. Àwọn ètò kan ò ní tẹ̀ lé e dáadáa àfi tẹ́ ẹ bá jáde nínú kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ tún wọlé.

5. Tó bá jẹ́ lẹ́tà nìkan lẹ fẹ́ kó tóbi, ẹ wá "Text size" lábẹ́ "Accessibility" lórí Windows 11. Lórí Windows 10, "Ease of Access" ni kẹ́ ẹ wọ̀, kẹ́ ẹ yan "Display". Lẹ́tà lè tóbi dé 225% níbẹ̀.

6. Tó bá jẹ́ ìròyìn lẹ fẹ́ kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ di Ctrl mú, kẹ́ ẹ tẹ àmì +. Ctrl pẹ̀lú 0 á dá a padà.

Fún ẹni tó ṣì ń lo Windows 7, "Screen resolution" lẹ máa rí tẹ́ ẹ bá fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ ojú kọ̀ǹpútà. Títóbi lẹ́tà wà lábẹ́ "Make text and other items larger or smaller" lójú ewé kan náà.

Tí iye tó yẹ ò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?

Ó lè jẹ́ pé ètò tó ń darí káàdì àwòrán ò sí nínú kọ̀ǹpútà náà. Èyí wọ́pọ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Windows tuntun sí i. Ẹ ṣí "Device Manager", kẹ́ ẹ wo "Display adapters". Tẹ́ ẹ bá rí "Microsoft Basic Display Adapter" níbẹ̀, ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ẹ jẹ́ kí "Windows Update" ṣiṣẹ́, tàbí kẹ́ ẹ gba ètò náà lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà yín. Ẹ má gbà á níbikíbi tí wọ́n bá kàn ní "ẹ tẹ ibí".

Wáyà náà lè jẹ́ okùnfà. Ara wáyà ni mọ́nítọ̀ ti máa ń sọ iye píkísẹ́lì rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Tí wáyà VGA bá ti gbó, kọ̀ǹpútà ò ní gbọ́, á wá máa méfò. Ẹ pààrọ̀ wáyà kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ mọ́nítọ̀.

Tí àwòrán bá sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí VGA, ẹ tẹ bọ́tìnnì "Auto" lára mọ́nítọ̀, tàbí kẹ́ ẹ wá a nínú "Menu" rẹ̀. Tó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n lẹ fi ṣe mọ́nítọ̀, tí etí àwòrán sì gé, inú ètò tẹlifíṣọ̀n ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ wá "Just Scan" tàbí "Screen Fit". Orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀, ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà níṣojú yín, kí wọ́n sì gbé e sí iye tí wọ́n ṣe é fún. Ẹ ṣí Paint, ẹ yan àmì róbótó, kẹ́ ẹ di Shift mú bẹ́ ẹ ṣe ń yà á. Ẹ fi rúlà wọn ìbú àti òòró rẹ̀ lójú mọ́nítọ̀. Tí méjèèjì bá dọ́gba, kò sí ìfàya níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìròyìn Yorùbá kan, kẹ́ ẹ wo àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Tó bá hàn ketekete, ojú mọ́nítọ̀ yẹn mọ́.

Tẹ́ ẹ bá wá ṣe gbogbo èyí tán, tí lẹ́tà mọ́ lójú ẹlòmíì tó jókòó síbi tẹ́ ẹ jókòó sí, ṣùgbọ́n tó ṣì ń ṣú lójú yín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́nítọ̀ mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ rí dókítà ojú.