Ìka Kò Dọ́gba: Ìtàn Àgbàdo àti Ẹ̀gẹ́

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Sókótó jáde kúrò ní ìlú Zaria yóò kan Sàmárù. Níbẹ̀ ni ilé ìwádìí nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1922 wà, èyí tí ó di ara Yunifásítì Ahmadu Bello ní 1962. Ní àsìkò òjò, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ a máa fi àpò bébà bo ìrùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo, wọn a sì tún fi òmíràn bo ọmọ rẹ̀ kí irun tó yọ lórí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè rò pé eré ọmọdé ni. Kì í ṣe eré rárá. Ètò ìgbéyàwó ni wọ́n ń ṣe fún àgbàdo, kí eruku akọ tí wọn kò yàn má baà bà lé abo. Kí ni ó fà á tí a fi ń ṣe irú wàhálà báyìí lórí àgbàdo, nígbà tí àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ kàn ń gé igi, tí ó sì ń rì í mọ́lẹ̀?

Ọ̀nà méjì ni ohun ẹlẹ́mìí ń gbà bí sí i. Ọ̀nà kìíní ni ti takọtabo. Nínú èyí, ọmọ a mú ìdajì àbùdá rẹ̀ lọ́dọ̀ baba, a sì mú ìdajì yòókù lọ́dọ̀ ìyá. Atẹ́gùn ni alárinà àgbàdo. Òun ni ó ń gbé eruku akọ láti oríṣiríṣi igi wá sórí irun abo. Nítorí náà ni ó fi ṣòro kí hóró méjì lórí ọmọ àgbàdo kan bára mu délẹ̀délẹ̀ ní àbùdá. Ọ̀nà kejì kò ní akọ, kò ní abo. Igi ẹ̀gẹ́ tí a gé tí a sì gbìn, igi àtẹ̀yìnwá náà ni ó tún hù. Bákan náà ni ti iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí ìyá bá dùn, ọmọ yóò dùn; bí àrùn kan bá lè pa ìyá, kò sí èyí tí kò lè pa nínú àwọn ọmọ.

Nígbà tí Charles Darwin tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1859, ó fi hàn pé àwọn ẹ̀dá tí ìwà wọn bá ibùgbé wọn mu ni ó ń yè láti bí ọmọ jù. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ẹ̀dá bá rí bákan náà, kí ni a ó ti rí èyí tí ó sàn jù yàn? Ní ìparí àwọn ọdún 1880, August Weismann, ará Jámánì, dáhùn pé àdàlù takọtabo ni ó ń pèsè ìyàtọ̀ náà. Ní 1932, H. J. Muller ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tún là á yé ni pé bí ìwà rere kan bá wà lára ẹ̀dá kan, tí òmíràn sì wà lára ẹ̀dá kejì, takọtabo lè mú méjèèjì pàdé lára ọmọ kan ṣoṣo. Níbi tí kò ti sí takọtabo, ìran kọ̀ọ̀kan ni yóò dúró de oríire tirẹ̀.

Ojú àwọn ará Ireland rí ohun tí àìsí ìyàtọ̀ lè fà. Oríṣi ànàmọ́ òyìnbó kan ṣoṣo ni ó pọ̀ jù lóko àwọn tálákà ibẹ̀, ègé rẹ̀ ni wọ́n sì ń gbìn lọ́dọọdún. Àrùn wọ oko ní 1845, ìyàn sì pa nǹkan bí ọ̀kẹ́ àádọ́ta ènìyàn.

Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀ wa náà. Ní 1949, àrùn kan tí ń mú kí ewé àgbàdo dà bí irin tí ó dógùn-ún yọjú ní Sierra Leone. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ní 1950 ó ti dé Nàìjíríà, ìkórè sì dínkù jọjọ. Ìjọba dá ẹ̀ka ìwádìí kan sílẹ̀ ní Moor Plantation, Ìbàdàn, nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣì ń wá oògùn, àgbàdo fúnra rẹ̀ ti ń ja ìjà tirẹ̀. Nítorí pé ìka kò dọ́gba, àwọn igi kan fara da àrùn náà ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Irú wọn ni ó so tí àgbẹ̀ sì rí gbìn. Àwọn wọ̀nyí tún bá ara wọn lò pọ̀, kò sì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí agbára àrùn náà fi rọ̀.

Ti ẹ̀gẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Àrùn kan wà tí ń sọ ewé rẹ̀ di aláràbarà, tí ń lọ́ ọ pọ̀, tí kì í jẹ́ kí ó ta dáadáa. Ní 1894 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tanzania lónìí. Bí àgbẹ̀ bá gé igi tí ó ní àrùn gbìn, àrùn náà ni ó gbìn. Ìdí rèé tí àwọn onímọ̀ fi ní láti padà sí ọ̀nà takọtabo. Láti àárín àwọn ọdún 1930, H. H. Storey àti R. F. W. Nichols ní Amani, ní ilẹ̀ kan náà, mú ẹ̀gẹ́, wọ́n sì fi ìbátan rẹ̀ kan tí ó jẹ́ igi rọ́bà ṣe akọ àti abo. Wọ́n fi èso náà ránṣẹ́ sí Moor Plantation nínú àwọn ọdún 1950, a sì ṣa èyí tí a ń pè ní 58308 lára rẹ̀ ní 1958. Sang Ki Hahn, ará Kòríà, tí ó dé ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn ní 1971, lò ó láti bí ẹ̀gẹ́ TMS 30572 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ará Ìkirè mọ oore rẹ̀, wọ́n sì fi í jẹ Sẹ́ríkí Àgbẹ̀.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a fojú tín-ínrín ọ̀nà kejì. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ rere náà jáde tán, gígé igi ni ó jẹ́ kí ó tàn kálẹ̀ láìyí ìwà padà. Takọtabo ni ó wá a rí. Igi gígé ni ó pa á mọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ní agbègbè Zaria lónìí, àgbàdo tí a máa ń gbìn sí ẹ̀yìnkùlé tẹ́lẹ̀ ti gba oko ńláńlá láti àwọn ọdún 1970 wá. Ọ̀tá kì í sì í tán: èpò wúta-wúta, bí àwọn Haúsá ṣe ń pè é, ń fa oúnjẹ mu lára gbòǹgbò rẹ̀. Nínú àwọn àgbàdo Sàmárù tí a sọ ní SAMMAZ, àwọn kan wà tí ó lè fara dà á. Inú àpò bébà wọ̀n-ọn-nì ni wọ́n ti jáde. Nítorí náà, àgbẹ̀ tí ó bá ju irú ìbílẹ̀ rẹ̀ nù nítorí pé kò dọ́gba, kí ó rántí pé nínú àìdọ́gba náà ni oògùn àrùn ọ̀la wà.