Eré Parí, Àáró Kù: Ìbáṣepọ̀ Àwọn Òǹkọ̀wé Tí Wọ́n Kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, 1948 sí 2013

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ẹni tí ó bá wo òwe yìí fínnífínní yóò rí i pé eré ni ó sọ pé yóò tú, kò sọ pé ìbáṣepọ̀ yóò kú. Bí iṣẹ́, ìgbéyàwó, ìrìnàjò àti àìsàn bá ti dé, eré ọmọdé kò lè dúró. Ohun tí òwe náà kò sọ ni ohun tí ó lè rọ́pò eré nígbà tí eré bá parí. Ìbéèrè yìí kan gbogbo ẹni tí ó ti kàwé jáde ní yunifásítì, tí ó sì rí i pé àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun nínú gbọ̀ngàn kan náà ti fọ́n ká sí Èkó, Lọ́ńdọ̀n, Toronto àti Houston.

Àpẹẹrẹ kan wà nínú ìtàn Nàìjíríà tí ó lè dá ìbéèrè náà lóhùn. Láàrin 1948 àti 1960, Chinua Achebe, Christopher Okigbo, Wọlé Ṣóyínká, J. P. Clark àti Abíọ́lá Ìrèlé kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Ìbáṣepọ̀ wọn la ogun abẹ́lé kọjá, ó la ẹ̀wọ̀n kọjá, ó sì la òkun kọjá. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé kì í ṣe ìrántí ìgbà èwe ni ó gbé ìbáṣepọ̀ náà ró. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún ara wọn ni. Àáró ni àwọn àgbẹ̀ Yorùbá ń pe irú àjọṣe bẹ́ẹ̀: àgbẹ̀ mélòó kan yóò jọ roko ẹnì kan lónìí, wọn yóò roko ẹnì kejì lọ́la, títí yóò fi kárí. Ẹni tí wọ́n bá ti roko rẹ̀ ti jẹ gbèsè, gbèsè náà ni kì í jẹ́ kí ẹgbẹ́ tètè tú.

Iléèwé kan, ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ní Ẹlẹ́yẹlé ni Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1948, nínú àwọn ilé tí àwọn ológun ti fi ṣe ilé ìwòsàn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Yunifásítì Lọ́ńdọ̀n ni ó ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní oyè, títí di 1962 tí iléèwé náà fi dá dúró. Achebe wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ wọlé. Ìmọ̀ ìṣègùn ni ó bá wá, ṣùgbọ́n ó yà sí ẹ̀kọ́ nípa èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jáde ní 1953. Okigbo, tí òun àti Achebe ti jọ wà ní Government College, Umuahia, fi ìmọ̀ ìṣègùn sílẹ̀ bákan náà. Èdè Gíríìkì àti Látìn ni ó kọ́, ó sì parí ní 1956. Ṣóyínká wọlé ní 1952, ó sì lọ sí Leeds ní 1954. Clark wọlé ní 1955, ó sì jáde ní 1960, ọdún kan náà pẹ̀lú Ìrèlé.

Àwọn ọdún wọ̀nyí ṣe pàtàkì, nítorí wọ́n fi hàn pé àwọn márààrún kò jọ jókòó nínú kíláàsì kan rí. Nígbà tí Clark dé, Ṣóyínká ti lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Achebe sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Orúkọ iléèwé kan náà ló so wọ́n pọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, okùn bẹ́ẹ̀ kò sì yi. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni wọ́n kọjá ní Ìbàdàn láàrin ọdún wọ̀nyẹn tí wọn kò tún gbúròó ara wọn mọ́.

Oko àkọ́kọ́: The Horn àti Mbari

Ní 1958, nígbà tí Clark ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó dá ìwé àtìgbàdégbà kékeré kan sílẹ̀ fún ewì, ó pè é ní The Horn. Martin Banham, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wọn, ni ó gbà á níyànjú. Nígbà tí Clark kúrò nídìí rẹ̀, Ìrèlé wà lára àwọn tí wọ́n gba iṣẹ́ olóòtú. Ẹnì kan ti kọ ebè, ẹnì kejì dé, ó sì ń bá a lọ.

Nígbà tí yóò fi di 1961, ọ̀nà wọn ti pàdé. Ṣóyínká ti padà sílé ní 1960. Okigbo, tí ó ti ṣe olùkọ́ ní Fìdítì, ìlú tí ó wà ní ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, ti di ẹni mímọ̀ láàrin àwọn akéwì. Wọ́n bá Ulli Beier àti àwọn mìíràn dá Ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Achebe ni ó mú orúkọ náà wá láti inú èdè Igbo, níbi tí ó ti jẹ́ orúkọ ilé amọ̀ tí wọ́n ń kún fún ère ní ìbọlá fún òrìṣà ilẹ̀. Nígbà tí irú ilé bẹ́ẹ̀ dé Òṣogbo ní 1962, etí Yorùbá gbọ́ orúkọ náà lọ́nà tirẹ̀, ó sì di Mbárí Mbáyọ̀, bí ẹni pé ènìyàn ń sọ pé bí òun bá rí i, òun yóò yọ̀.

Mbari kì í ṣe ibi ìpàdé lásán. Ó tẹ ìwé. Eré Clark tí a ń pè ní Song of a Goat jáde níbẹ̀ ní 1961. Heavensgate, àkójọ ewì Okigbo, tẹ̀ lé e ní 1962, àwọn eré Ṣóyínká mẹ́ta sì jáde nínú ìwé kan ní 1963. Ní oṣù kẹfà 1962, Achebe, Okigbo, Ṣóyínká àti Clark pàdé ní Makerere ní Ùgáńdà, níbi àpérò àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà. Ní àsìkò yìí, iṣẹ́ kò ì tí ì nira, nítorí pé èrò wọn nípa orílẹ̀-èdè tuntun náà kò jìnnà síra wọn. Ìdánwò ṣì ń bọ̀.

Ogun dé

Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje 1967, ó sì parí ní oṣù kìíní 1970. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín wọn sí. Achebe àti Okigbo wà ní ìhà Biafra. Àwọn méjèèjì ti dá ilé ìtẹ̀wé kan sílẹ̀ ní Enugu, Citadel Press, ṣùgbọ́n Okigbo gbé ìbọn, ó sì kú sójú ogun ní agbègbè Nsukka ní oṣù kẹsàn-án 1967. Ẹni ọdún márùndínlógójì ni. Achebe rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun láti gbẹnu sọ fún Biafra. Ṣóyínká lọ sí Enugu láti wá ọ̀nà tí ogun kò fi ní tẹ̀ síwájú. Ìjọba àpapọ̀ mú un ní oṣù kẹjọ 1967, ó sì wà ní àtìmọ́lé títí di oṣù kẹwàá 1969. Clark dúró ní ìhà ìjọba àpapọ̀. Ní 1968, òun àti Ìrèlé gba iṣẹ́ olóòtú Black Orpheus, ìwé àtìgbàdégbà tí Beier ti dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1957.

Bí ìbáṣepọ̀ yìí bá jẹ́ ti eré, ibí yìí ni ì bá ti parí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀. Nígbà tí Clark tẹ àkójọ ewì rẹ̀ nípa ogun jáde ní 1970, ó fi ewì tí ó fún ìwé náà lórúkọ jíṣẹ́ fún Achebe. Ewì náà le. Ó ka àwọn tí wọ́n ń rin ayé kiri láti ṣe agbẹnusọ mọ́ àwọn tí ogun ṣe lọ́ṣẹ́, kò sì ṣòro láti mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Síbẹ̀, ní ìparí, Clark ka ara rẹ̀ mọ́ wọn. Ìkíni àti ìbáwí ni ó fi ránṣẹ́ nínú àpò kan náà. Ẹni tí ó bá ti kọ ẹnì kejì sílẹ̀ pátápátá kì í ṣe wàhálà láti bá a wí.

Achebe ní gbèsè tirẹ̀ láti san, òkú sì ni ó jẹ ẹ́. Nínú àkójọ ewì rẹ̀ tí ó jáde ní 1971, ọ̀kan wà tí ó kọ ní ìrántí Okigbo. Ní 1972, ìwé ìtàn àwọn ọmọdé tí òun àti John Iroaganachi kọ, How the Leopard Got His Claws, jáde pẹ̀lú orin arò tí Okigbo ti kọ sínú rẹ̀ kí ó tó kú. Ní 1978, òun àti Dubem Okafor kó ewì ìrántí jọ fún Okigbo, wọ́n sì fún ìwé náà ní àkọlé Don't Let Him Die. Igbe ọmọ Achebe kékeré, nígbà tí ó gbọ́ ìròyìn ikú náà, ni àkọlé yìí ti wá. Achebe ń roko ẹni tí kò lè wá san án padà mọ́.

Ẹ̀bẹ̀ ti 1986

Ní ìparí 1985, ìjọba ológun mú Ọ̀gágun Mamman Vatsa lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀-gbàjọba. Akéwì ni Vatsa, ọ̀rẹ́ sì ni sí Ẹgbẹ́ Àwọn Òǹkọ̀wé Nàìjíríà tí Achebe dá sílẹ̀ ní 1981. Nígbà tí wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un, Achebe, Ṣóyínká àti Clark jọ lọ sọ́dọ̀ Ààrẹ Ìbrahim Babangida ní Èkó láti bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí rẹ̀.

Ó yẹ kí òǹkàwé ro ohun tí ó wà nínú yàrá náà. Àwọn tí ogun pín sí ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n jọ jókòó: agbẹnusọ Biafra, ẹni tí ìjọba àpapọ̀ tì mọ́lé, àti ẹni tí ó dúró ti ìjọba náà. Ẹ̀mí ọ̀gágun kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ó ṣẹ́gun Biafra ni Achebe wá tọrọ. Ó ti di ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí ó ti jáde ní Ìbàdàn. Ẹ̀bẹ̀ náà kò ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta 1986, wọ́n yìnbọn pa Vatsa àti àwọn ológun mẹ́sàn-án mìíràn.

A kò lè fi àbájáde ẹ̀bẹ̀ náà wọn ìtumọ̀ rẹ̀. Kò dájú pé wọ́n kọ́kọ́ parí ìjà ogun kí wọ́n tó jọ lọ. Iṣẹ́ pe wọ́n, wọ́n sì jẹ́ ipè.

Ní ìdálẹ̀

Ní òkè òkun ni apá ìkẹyìn ìtàn yìí ti pọ̀ jù. Ìrèlé ti ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio láti 1987. Lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ tí ó sọ Achebe di ẹni orí kẹ̀kẹ́ ní 1990, òun náà lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì kọ́ni ní Bard College fún nǹkan bí ogún ọdún. Ṣóyínká sá kúrò ní Nàìjíríà ní 1994 lábẹ́ ìjọba Sani Abacha. Ní 1991, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Howard ní Washington tẹ àkójọ eré àti ewì Clark jáde. Ìrèlé ni ó kọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí àwọn méjèèjì ti jọ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ewì nínú The Horn.

Achebe kú ní Boston ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹta 2013. Ọ̀rọ̀ líle ti kọjá láàrin Clark àti Ṣóyínká ní oríṣiríṣi ìgbà, àwọn òǹkàwé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìwé kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì jọ fọwọ́ sí láti dárò rẹ̀. Wọ́n ka ara wọn mọ́ mẹ́rin tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní Okigbo ti lọ, Achebe náà sì ti lọ. Ìrèlé kú ní 2017, Clark sì tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá 2020.

Àgbálọgbábọ̀

Lónìí, kò sí ìlú ńlá tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà ní Bìrìtìkó tàbí Amẹ́ríkà tí kò ní ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde. Wọ́n ń kí ara wọn ní ọjọ́ ìbí, wọ́n sì ń fi àwòrán àtijọ́ ránṣẹ́ síra wọn. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí, ṣùgbọ́n eré ni, òwe sì ti sọ bí eré ṣe ń parí. Àwọn òǹkọ̀wé Ìbàdàn kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí orílẹ̀-èdè, wọn kò sì fi gbogbo ìgbà fẹ́ràn ara wọn. Ohun tí wọ́n ní ni ìwé ẹnì kan tí ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ tẹ̀, òkú tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ dárò, àti ilẹ̀kùn aláṣẹ tí wọ́n gbọ́dọ̀ jọ kàn. Ọdún márùndínláàádọ́rin kọjá láti ìgbà tí Achebe wọ Ìbàdàn títí di ìgbà tí àwọn méjì tí ó kù fọwọ́ sí ìwé ìdárò rẹ̀. Jálẹ̀ gbogbo rẹ̀, oko ẹnì kan ń bẹ láti ro.