Ìlà Ìdábùú: Bí Àwọn Gíríìkì Ṣe Fi Jiọ́mẹ́tìrì Wá Ìmọ̀

Bí ènìyàn kò bá mọ ohun kan rárá, báwo ni yóò ṣe wá a? Bí ó bá sì pàdé rẹ̀, kí ni yóò fi dá a mọ̀? Ìbéèrè yìí ni ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́lá kan, Meno, gbé ka iwájú Socrates nínú ìwé tí Plato kọ, tí ó sì fi orúkọ Meno pè. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Bí kò bá ní ìdáhùn, asán ni ilé-ẹ̀kọ́, asán sì ni iṣẹ́ àwa olùkọ́.

Jiọ́mẹ́tìrì ni Socrates fi dá a lóhùn. Ìtumọ̀ orúkọ ìmọ̀ yìí ní èdè Gíríìkì ni wíwọn ilẹ̀; handasa ni àwọn Lárúbáwá ń pè é. Herodotus òpìtàn sọ pé láti Íjíbítì ni ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì: bí odò Náílì bá gbá lára ilẹ̀ ẹnì kan lọ, ọba a rán àwọn tí yóò wọn èyí tó kù, kí owó-orí onítọ̀hún lè dín kù. Ohun tí àwọn Gíríìkì wá tẹnu mọ́ ni ìdí tí nǹkan fi gbọ́dọ̀ rí bí ó ṣe rí.

Socrates pe ọmọ ẹrú Meno kan, tí ìwé náà kò tilẹ̀ dárúkọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ ní jiọ́mẹ́tìrì rí. Ó ya onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, ẹsẹ̀ bàtà 2 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Inú rẹ̀ sì jẹ́ 4. Ó ní: báwo ni ẹ̀gbẹ́ èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ 8 yóò ṣe gùn tó? Kíá ni ọmọ náà ní ẹsẹ̀ 4. Wọ́n wò ó, 16 ni inú rẹ̀. Ó ní kó jẹ́ 3. 9 ló bọ́ sí. Nígbà náà ló búra pé òun kò mọ̀.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Meno ti sọ ṣáájú pé Socrates dà bí ẹja òkun kan tó jọ òjìjí, tí í mú ara ẹni tó bá fọwọ́ kàn án kú. Socrates wá bi í bóyá ìpayà yìí pa ọmọ náà lára. Kò pa á lára. Tẹ́lẹ̀, ó rò pé òun mọ̀. Nísinsìnyí, ó mọ̀ pé òun kò mọ̀, yóò sì fẹ́ láti wá a.

Socrates to onígun mẹ́rin mẹ́rin pọ̀, ó di 16. Ó fa ìlà ìdábùú láti igun dé igun nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó pín in sí méjì ọgbọọgba. Ìdajì 4 ni 2. Ìdajì mẹ́rin sì jẹ́ 8. Ìlà ìdábùú náà ni ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń wá! Lóòótọ́, Socrates ló fa ìlà, ìbéèrè rẹ̀ sì ń tọ́ ọmọ náà sọ́nà. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà ló fi rí i. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí odindi nọ́ńbà tàbí ìdá rẹ̀ tó bá gígùn ìlà yẹn mu régí. Bí ọmọ náà ìbá máa méfò títí di alẹ́, kò lè bá a.

Plato ní ọkàn ti mọ nǹkan wọ̀nyí kí a tó bí wa, pé ìrántí ni ẹ̀kọ́. Aristotle, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní láti inú ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ ni gbogbo ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Ànábì Ísà, Euclid to ìmọ̀ yìí sínú ìwé 13, tí ọ̀rọ̀ ìṣáájú ń gbe èyí tó tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀. Al-Hajjaj ibn Yusuf ibn Matar túmọ̀ rẹ̀ sí Lárúbáwá lẹ́ẹ̀méjì, nígbà Harun al-Rashid àti nígbà al-Ma'mun. Láti Lárúbáwá ni Adelard ará Bath sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí Látìnì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá.

Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa olùkọ́, ọmọ tó bá dìde tó ní òun kò mọ̀ kò yẹ fún pàṣán. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ bi í ní ìbéèrè tó kàn.