Àkìtàn Ẹ̀yìnkùlé Wa

Kòtò kan wà lẹ́yìnkùlé ilé wa ní abúlé, lápá Ìkirè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wa amọ̀ tí wọ́n fi mọ ilé bàbá bàbá mi. Ilé parí, kòtò ṣẹ́kù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í da pàǹtí sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọ̀pọ̀ agboolé nílẹ̀ Yorùbá: ibi tí ògiri ti jáde ni àkìtàn ń jókòó sí. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló ni ti wa. Kí n tó mọ ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní ọgbà, mo ti mọ àkìtàn.

Láàárọ̀ kùtù, àwa ọmọdé àti àwọn ìyàwó ilé á gbálẹ̀ láti iwájú ilé dé ẹ̀yìn. Ẹ wo ohun tí à ń gbé lọ dà nù: eérú ààrò tó ti tutù, èèpo iṣu, háhá àgbàdo, ìgbẹ́ ewúrẹ́, ìyẹ́ adìyẹ, ewé eéran tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ. Èèpo kòkó kì í sábà dé ibẹ̀. Wọ́n ń sá a gbẹ, wọ́n ń sun ún, eérú rẹ̀ ni wọ́n ń po mọ́ àdín láti fi ṣe ọṣẹ dúdú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n kọjá ààlà pàápàá kì í débẹ̀, nítorí òun ni wọ́n fi ń ṣe dòdò Ìkirè. Ohun tó bá dé orí àkìtàn ti ṣiṣẹ́ tán lọ́wọ́ ènìyàn, ilẹ̀ ló kù tí yóò jẹ ẹ́.

Àfi àpáàdì. Ilẹ̀ kì í jẹ àpáàdì. Àwọn tó bá tóbi nínú rẹ̀, àwọn obìnrin á ṣà wọ́n padà láti fi fọnná lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan sẹ́yìn kí òyìnbó tó dé, àwọn baba wa kó irú àpáàdì bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n gbé e dúró ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́, wọ́n tò ó mọ́ra wọn, àwọn mìíràn fi òkúta funfun sí i láàárín, wọ́n sì fi tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà. Ó ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí di òní. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fojú rí i, àwọn obìnrin ilé wa tó ń bẹ̀rẹ̀ ṣa àpáàdì ni mo rántí.

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, àkìtàn á jí. Tẹ̀tẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yọjú, gbúre á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọdú, ata wẹẹrẹ tí ẹyẹ yà sílẹ̀, elégédé tó ń fà káàkiri, àti ìbẹ́pẹ. Kò sí ẹni tó gbìn wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n lófin. Obìnrin èyíkéyìí ládùúgbò lè já ẹ̀fọ́ níbẹ̀, kò ní láti tọrọ; kò kàn gbọdọ̀ fà á tu ni. Ìbẹ́pẹ ti agboolé ni, Ìyá Àgbà ló ń pín in. Èyí tí ẹyẹ bá sì ti sọ, ti ẹyẹ ni, a kì í ká a mọ́. Mo jẹ ìgbájú lẹ́ẹ̀kan nítorí òfin yìí, mi ò sì ní gbàgbé rẹ̀.

Nítorí náà ni ẹyẹ ṣe pọ̀ lẹ́yìnkùlé wa. Ìbákà ń bọ̀, olongo ń bọ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ láti wá ṣa hóró koríko, ẹ̀gà á sì máa ya imọ̀ ọ̀pẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò náà láti fi hun ìtẹ́. Aláǹgbá ń sá eré lórí òkìtì. Ìyá Àgbà kì í jẹ́ ká sọ òkò lu ọ̀pọ̀lọ́, ó ní ìkán tó ń jẹ ilé ni ọ̀pọ̀lọ́ ń jẹ. Ekòló ibẹ̀ ni àwa ọmọkùnrin ń wá kiri tí a bá fẹ́ fi ìwọ̀ dẹ ẹja. Igún náà ń wá. Àwọn àgbà gbà pé ẹbọ tí igún bá jẹ ti dà nìyẹn, ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kì í fi lé e. Nísinsìnyí, àwọn ọmọ ọmọ mi kò rí igún rí àfi nínú ìwé. Àwọn ènìyàn ń pa á tà fún oògùn, májèlé ń pa á, igi ńláńlá tó ń pamọ sí ti lọ. Ní 2015 ni àjọ IUCN, tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó ń parun lágbàáyé, kọ ọ́ mọ́ àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n tán pátápátá. Ó dùn mí dé ọkàn.

Ní ìparí ọ̀gbẹlẹ̀, àwọn ìyàwó ilé á gbé àáró láàárín ara wọn. Lónìí, gbogbo wọn á wa ilẹ̀dú láti ìsàlẹ̀ àkìtàn tiwa, wọ́n á rù ú lọ sí oko ata wa. Lọ́la, ó di ilé kejì. A kò ra ajílẹ̀ rí nígbà náà.

Àkìtàn máa ń pẹ́ ju ilé lọ. Ọ̀yọ́ Ilé, olú ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, tú láàárín àwọn ọdún 1830. Inú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ ni ahoro rẹ̀ wà báyìí. Ògiri ti wó, ṣùgbọ́n igi osè ṣì dúró níbẹ̀. Àwọn tó mọ inú igbó ilẹ̀ ọ̀dàn dáadáa kì í ṣiyèméjì tí wọ́n bá kan osè ní àkójọ: ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí, wọ́n ti jẹ èso rẹ̀, wọ́n ti da kóró rẹ̀ nù sórí àkìtàn.

Nígbà tí òyìnbó dé, wọ́n bẹ̀rù àkìtàn. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ìwádìí ti fi hàn pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà káàkiri, Gómìnà MacGregor sì gbógun ti omi adágún l'Ékòó láti 1899. Ní 1924, àrùn tó ń ti ara eku wá bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó kan náà, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wolé-wolé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé kiri, wọ́n ń yẹ inú amù wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, wọ́n ń fún ẹni tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kún ní ìwé ìpẹ̀jọ́.

Bàbá mi wà lára wọn ní àwọn ọdún 1950. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri, tòun ti ṣòkòtò kakí, tó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀ níwájú àkìtàn.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e jìnnà sílé. Òfin ni.”

“Àkànní, ẹ̀fọ́ orí rẹ̀ lo jẹ dàgbà.”

“Mo mọ̀, Ìyá. Agolo ibẹ̀ ló ń gba omi sínú. Ẹ̀fọn inú omi yẹn ló ń bu àwọn ọmọ yìí jẹ.”

Ìyá Àgbà dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí bàbá mi wá bá òun gbẹ́ òmíràn. Wọ́n gbẹ́ ẹ sídìí ọ̀pẹ mìíràn, ní nǹkan bí 40 ìṣísẹ̀ sí ilé. Láti ọjọ́ náà, agolo àti ìgò dọ̀tọ̀, a sì ń bu yẹ̀pẹ̀ bo pàǹtí tútù. Òfin ìjọba àti òfin Ìyá Àgbà jọ gbé pọ̀ níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún láìjà.

Ohun tó pa àkìtàn wa dé lẹ́yìn rẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1980, ìjọba ológun kéde ìmọ́tótó àyíká. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù di ọjọ́ tí gbogbo ìlú ń gbálẹ̀. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n iná ni wọ́n ń sọ sí gbogbo ohun tí wọ́n bá gbá jọ lọ́dọ̀ wa. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rá dé. Ẹ̀kọ kúrò nínú ewé, ó wọ inú ọ̀rá. Mọ́ínmọ́ín náà bẹ́ẹ̀. Láti àwọn ọdún 1990 ni omi inú ọ̀rá sì ti gba gbogbo ìgboro. Ọmọdé tó ń ju ọ̀rá sórí àkìtàn ń ṣe ohun tí àwa náà ṣe pẹ̀lú ewé. Ọwọ́ kan náà ni. Ilẹ̀ ni kò lè jẹ ẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, mo padà sílé, mo sì fi ọkọ́ wa ìdí ọ̀pẹ náà. Ọ̀rá ni mo ń bá, ìpele lórí ìpele, bí aṣọ tí wọ́n ká sínú àpótí. Nígbà tó jìn tó orúnkún mi, ọ̀rá tán. Ilẹ̀dú ni mo bá, ó rọ̀, ó ṣókùnkùn, àpáàdì kan sì wà nínú rẹ̀. Mo bẹ àwọn ìyàwó ilé mẹ́ta àti àwọn ọmọ wọn lọ́wẹ̀. Mo se ẹ̀wà, a fi ọjọ́ méjì ṣa ọ̀rá kúrò ní ìdajì ibẹ̀, a kó o sínú àpò márùndínlógún.

Tẹ̀tẹ̀ ti hù níbẹ̀ láti ìgbà òjò. Ìbẹ́pẹ kan ti so. Ẹyẹ ti sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a sì ti fi í sílẹ̀ fún un.